Ẹ yé ní kí àwọn ọmọ wa máa há kẹ́mísírì sórí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1 béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí àmì sódíọ̀mù, ọ̀kan lára àwọn élímẹ́ǹtì inú kẹ́mísírì, fi jẹ́ Na. Èsì tó gbà ni pé kó há a sórí, kó yé da kíláàsì rú. Wọ́n tún ní kó kúnlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣẹ̀? Àwọn òbí mìíràn tí mo bá sọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń rò fún mi: há a sórí, há a sórí, títí di ọjọ́ WAEC.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sì pamọ́. Natrium ni sódíọ̀mù ní èdè Látìnì. Ara natron ni orúkọ yẹn ti wá, ìyẹn iyọ̀ tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń wà ní àfonífojì Wadi Natrun, tí wọ́n fi ń gbẹ òkú àwọn ọba wọn kó má baà jẹrà. Káún tí à ń fi sí ewédú, tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Adágún Chad, irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ tí wọ́n torí Na fìyà jẹ, òun ló ń bá mi ra káún lọ́jà!

K tó jẹ́ àmì pọ̀tásíọ̀mù ńkọ́? Kalium ni, láti inú al-qali ti Lárúbáwá, eérú ewéko tí wọ́n jó. Àwọn ìyá wa tó ń fi eérú èèpo kókó se ọṣẹ dúdú, pọ̀tásíọ̀mù inú eérú yẹn ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1807 ni Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì, fi iná mànàmáná yọ pọ̀tásíọ̀mù jáde ní London, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi yọ sódíọ̀mù náà. Ní nǹkan bí 1813 ni Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà orúkọ Látìnì ṣe àmì. Àmóníà gan-an, gáàsì tí òórùn rẹ̀ máa ń ta síni nímú, orúkọ òrìṣà Amun ti Íjíbítì ló wà lára rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní omi náà nìyẹn: H2O, há a sórí. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, H2S, ìrísí kan náà ló ní pẹ̀lú omi, ó sì wúwo ju omi lọ ní mólékù (ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ) kan sí mólékù kan. Síbẹ̀, ìwọ̀n ooru -60 péré lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ló ti ń hó, omi ò sì ní hó títí dé 100. Ìdí ni pé àwọn mólékù omi di ara wọn mú ṣinṣin. Bí omi bá wá di yìnyín, wọ́n á to ara wọn lọ́nà tí àlàfo fi máa ń wà láàárín wọn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí píọ̀ wọ́tà wú nínú fíríìsà, kí yìnyín sì léfòó. Gbogbo ọmọ ló ti rí i. Ta ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn?

Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ni mo ń bá wí. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń yí ìwé ìlànà padà, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú ilé ìwé tí wọ́n kun lọ́dà, yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì sì ṣófo. Olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún rí, kí ló fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ? Há a sórí náà ni yóò sọ.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní SS1 sílẹ̀ fún orúkọ àti ohun èlò ilé. Kí olùkọ́ gbé káún, eérú kókó àti tìróò sórí tábìlì. Kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, kí àwọn ọmọ rí i bó ṣe ń hó ràì, kó wá sọ fún wọn pé kábọ́ònù dáyọ́sáìdì ló ń jáde yẹn. Kó fi tìróò hàn wọ́n láì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kó ní òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, pé Pb ni àmì òjé, láti inú plumbum, pé májèlé ni, kò sì yẹ lójú ọmọ ọwọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá kọ orúkọ élímẹ́ǹtì márùn-ún, ibi tí orúkọ náà ti wá, àti ibi tí a ti ń bá a pàdé nílé. Owó tí gbogbo èyí máa ná ilé ìwé kò tó nǹkan.

Kí àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà máa bi wọ́n ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀. Kí àwọn alábẹ̀wò sì máa wọ inú kíláàsì, kí wọ́n yé fọwọ́ sí ìwé nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n sì máa lọ.

Èmi ni,
Òbí kan, Abẹ́òkúta