Iye aláìsàn ni kí ilé ẹjọ́ kà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Bí mo bá ka ìròyìn pé wọ́n dá ẹjọ́ ayédèrú dókítà, iye ọdún tí yóò lò lẹ́wọ̀n ló máa ń wà níbẹ̀. Iye ènìyàn tó ti gún lábẹ́rẹ́ kì í sí níbẹ̀.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ìyá a máa gbé ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ wá bá wa, ọmọ tó ti ń sáré kiri kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹnì kan ló fún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Iṣan ńlá kan gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ ọ́n, itan ni yóò gún fún ọmọ kékeré. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á gún ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kan padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn sì wọ́ ọ dàgbà. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí náà kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí ọwọ́ òfin bá tilẹ̀ wá tẹ onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kì í sí nínú ẹ̀sùn.

Ẹ wo Zholia Alemi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayédèrú ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Auckland ló fi ṣe dókítà àrùn ọpọlọ fún nǹkan bí 20 ọdún. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Manchester sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7, àmọ́ ẹ̀sùn jìbìtì àti ayédèrú ìwé ni wọ́n fi mú un. Òfin ìṣègùn wọn ti 1983 kò ní ju owó ìtanràn lọ fún ẹni tó bá purọ́ pé òun forúkọ sílẹ̀ bíi dókítà. Owó àti ìwé ni kóòtù kà. Àwọn tó gbé oògùn líle rẹ̀ mì ńkọ́?

Ní abúlé Roka ní Cambodia, wọ́n ka ènìyàn. Ọkùnrin tí kò níwèé àṣẹ ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ẹni tó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tó lé ní 100 ti kó kòkòrò HIV. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25.

N kò ní kí wọ́n máa fi irú ẹ̀wọ̀n yẹn jẹ gbogbo ènìyàn. Dókítà tó kàwé yanjú, tí kò kàn tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà lásìkò, owó ìtanràn tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, owó tó gbà lọ́wọ́ aláìsàn ni yóò fi san ìtanràn, yóò sì lọ ṣí ilé ìwòsàn mìíràn.

Kí adájọ́ tó ka ìdájọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ìjọba kéde orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wá àwọn tó tọ́jú kàn, kí wọ́n fi owó ọ̀daràn náà yẹ̀ wọ́n wò, kí ìyá ọmọ sì rí àyè sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ láìwo ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn dókítà, kí òun náà wá jẹ́jọ́.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì