Àṣìṣe Kan, Lẹ́ẹ̀marùn-ún

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á tán kí n tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo padà sí lẹ́ẹ̀mẹta: ibi tí o ti ní ẹ̀yìn pátápátá lo ń jókòó sí ní ilé-ìwé tuntun rẹ, pé kò sí olùkọ́ kan tó mọ orúkọ rẹ, àti pé o ti gbà báyìí pé orí rẹ ò gba ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú mi gbé bírò. Ṣé ìwọ náà nìyẹn, ìwọ tí o kọ́ mi ní ìdá nígbà tí a ṣì jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan?

O rántí bí ilé-ìwé wa àtijọ́ ṣe rí. A lé ní ọgọ́ta nínú kíláàsì kan. Olùkọ́ á béèrè ìbéèrè, kí a tó mí, wọ́n á ti pe ẹni tó máa ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí o lọ, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ pè mí ní olódo níwájú gbogbo kíláàsì. N kò sọ fún ọ nígbà náà nítorí ojú tì mí.

Nígbà tí àwọn òbí mi mú mi wá sí ilé-ìwé aládàáni yìí, àyà mi já. Àwa mẹ́rìndínlógún péré la wà ní kíláàsì, kò sí ẹ̀yìn téèyàn lè sá pamọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ ìṣirò wa, obìnrin kan tí ohùn wọn kì í lọ sókè, dárúkọ mi, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè. Ẹnu mi wúwo. Mo ń retí kí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí a ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọn ò kọjá. Wọ́n dúró ni. Wọn ò kanra, wọn ò wo aago, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìdáhùn mọ́ mi lẹ́nu. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Lójú mi, ó tó wákàtí kan. Ó lè má ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Nígbà tó yá, ìdáhùn jáde lẹ́nu mi. Kò pé, ṣùgbọ́n ìlàjì rẹ̀ tọ̀nà, ìlàjì náà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo tó láyà láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dúró báyẹn. Wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, gba ohùn àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì rí i pé lẹ́yìn ìbéèrè, olùkọ́ kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, "n kò mọ̀" dín kù, àwọn tí olùkọ́ ti kà sí aláìmọ̀ pàápàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré o! Mo ro gbogbo ọdún tí a fi jókòó pọ̀, kò sẹ́ni tó fún wa ní mẹ́ta yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù ṣì ń bọ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbí, 31 nínú 100 ni mo gbà. Mo ká ìwé náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì. Nígbà tí a jáde, olùkọ́ ní kí n dúró, kí n mú un wá. Wọ́n fi ọwọ́ bo máàkì náà, wọ́n ní kí n tún ọ̀nà tí mo gbà tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi bírò sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀. Márùn-ún nínú èyí tí mo pàdánù jọra bí ọmọ ìyá. Níbi kan, mo kọ –3(x – 4), mo sì tú u sí –3x – 12. Nọ́ńbà yí padà nínú àwọn tó kù, àṣìṣe ò yí padà.

Wọn ò sọ èsì fún mi. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká ní x jẹ́ 4. Kí ló wà nínú àkámọ́?"

"Òdo, mà."

"–3 lọ́nà òdo ńkọ́?"

"Òdo náà ni, mà."

"Ó dáa. Fi 4 sínú èyí tí ìwọ kọ."

Mo fi sí i, –24 ló jáde. Mo tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n dúró, bí ìṣe wọn. Nígbà tó ṣe, mo fa ìlà sí àmì ìyọkúrò kejì, mo kọ +12 síbẹ̀, mo tún fi 4 dán an wò. Òdo!

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Àṣìṣe márùn-ún kọ́ lo ṣe. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni, o kàn ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún."

Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún dé ilé, kì í sì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé orí mi ṣókùnkùn, àmì kan ló fara pamọ́ síbẹ̀.

N kò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo olùkọ́ ibí ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń sáré débi pé a kì í lè kọ̀wé bá wọn. Owó ilé-ìwé náà kò kéré. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn òbí mi ń sọ ọ́ lóru, àti pé ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ní sáà tó kọjá kò padà wá mọ́ nítorí owó náà. Mo ṣì ń wo àga rẹ̀. Ó dùn mí pé owó ló ń pinnu ẹni tí olùkọ́ á ráyè dúró dè. Mo kà á pé ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1985, wọ́n fi àwọn ọmọdé kan sí kíláàsì ọmọ 13 sí 17, àwọn mìíràn sí ti 22 sí 25. Àwọn tí kíláàsì wọn kò pọ̀ ló ṣe dáadáa jù nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Nítorí náà mo ti dárí ji púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa àtijọ́. Ẹni kan níwájú ọgọ́ta ọmọ, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí àyè? Ẹni tó pè mí ní olódo nìkan ni mi ò tíì lè dárí jì.

Mo bẹ̀ ọ́, mú olùkọ́ kan níbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ bá rọ̀ jù, kí o dúró dè wọ́n lẹ́yìn kíláàsì. Má sọ fún wọn pé ìṣirò ò yé ọ. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo lọ, èyí tí o ti ṣe dé ìdajì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ń kánjú, lọ bá ẹlòmíràn.

Kí o sì fi ìwé ìdánwò rẹ tó gbẹ̀yìn sínú èsì lẹ́tà yìí, èyí tí o tọ́jú sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Má gé máàkì rẹ̀ kúrò. A máa jọ wá àṣìṣe tó ń padà wá léraléra níbẹ̀, èmi níbí, ìwọ lọ́hùn-ún, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì