Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Gómìnà Ilẹ̀ Yorùbá: Ọ̀rọ̀ Iná Ti Dọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin gómìnà wa ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì (a kí àwọn ará wa ní Kwara àti Kogi náà),

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Manchester la kọ̀wé yìí sí yín lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ẹ má bínú pé gbangba la ti ń sọ ọ́. Èyí tí à ń kọ ní kọ̀rọ̀ kì í sábà rí èsì.

Ní 1896, ẹ̀rọ amúnáwá méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó. Kílówáàtì 30 ni agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kan lóde òní jùyẹn lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ECN, àjọ iná mànàmáná ìjọba, tó kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 1951. Dáàmù Kainji lórí Odò Ọya tẹ̀ lé e ní 1969: ẹ̀rọ 12 ni wọ́n ya àyè fún, 8 ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ní 1972 ìjọba ológun da ECN àti àjọ tó kọ́ dáàmù náà pọ̀, wọ́n pè é ní NEPA. Wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, wọ́n sì ta àwọn ẹ̀ka tó ń mú iná wá àti àwọn tó ń pín in ní 2013. Gbogbo wa ṣì so mọ́ okùn kan ṣoṣo náà ni, ìyẹn àwọn wáyà ńlá ìjọba àpapọ̀ tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè.

Okùn yìí ló ń dá wa lóró. Bí gáàsì bá dín kù lójijì ní ibùdó amúnáwá Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú, tàbí tí wáyà ńlá kan já nínú igbó ibì kan, ẹrù tó yẹ kí ibẹ̀ gbé á bọ́ sórí àwọn ẹ̀rọ ìyókù. Àwọn náà á rọ́jú díẹ̀, wọ́n á sì já ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n má baà jóná. Ló bá di òkùnkùn láti Àgbádárìgì dé Maiduguri. Ní 2024, ó ṣẹlẹ̀ léraléra débi pé àwọn ará ilé ò pè wá sọ ọ́ mọ́.

Èkó ti gbìyànjú láti yọrùn nínú okùn yìí rí. Ní 1999, Gómìnà Bọ́lá Tinúbú bá Enron, ilé-iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ṣàdéhùn. AES, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó lè mú mẹ́gáwáàtì 270 wá sórí ọkọ̀ ojú omi ní Egbin. Iná náà wá, àmọ́ inú okùn gbogbogbòò ló wọ̀. Ìwé òfin 1999 fàyè gba ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí iná kìkì níbi tí okùn àpapọ̀ ò dé. Ibi tí okùn dé tí iná ò sí lórí rẹ̀ ńkọ́? Òfin ò sọ nǹkan kan. Ó di 2023 kí wọ́n tó tún un ṣe, tí gómìnà ìjọsí náà, tó ti di ààrẹ, sì buwọ́ lu òfin iná tuntun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NERC, àjọ àpapọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná, gbé ìṣàkóso iná lé Èkìtì àti Oǹdó lọ́wọ́. Ẹ ò lè máa nàka sí Abuja mọ́.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé kó má lọ jẹ́ ìgbìmọ̀ tuntun, pátákó tuntun àti ọkọ̀ dúdú tuntun lásán. Ẹ wo Dáàmù Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní 1983. Ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n gbé síbẹ̀, ó sì lé lógún ọdún tí wọ́n fi jókòó láìmú iná kankan wá, nígbà tí omi dáàmù ń ya wọ ilé àwọn ará Ìṣẹrì lásìkò òjò. Mẹ́gáwáàtì 9 ò lè tan Èkó, àmọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣòfò. A mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù náà. Ẹ lọ bá wọn dúnàádúrà.

Èyí tó dùn wá jù nìyí. Trànsfọ́mà jó ládùúgbò ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wọn ní àwọn ò ní òmíràn. Aráàdúgbò dáwó, ìyá alákàrà dá tirẹ̀, àwa náà fi pọ́n-ùn ránṣẹ́. Nígbà tó dé, wọn ò so ó mọ́ wáyà àfìgbà tí alága àdúgbò buwọ́ lùwé pé wọ́n fi ta ilé-iṣẹ́ lọ́rẹ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bílì dé. Àfojúdá ni, torí kò sí mítà.

Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé owó tí aráàlú bá fi ra trànsfọ́mà, òpó tàbí wáyà yóò máa di ẹ̀dínwó lórí iná tí wọ́n ń rà, títí yóò fi tán. Kí ẹnikẹ́ni má san àfojúdá mọ́. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún ń san kúrò ní náírà 68 bọ́ sí 225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé iye wákàtí tí iná fi wà jáde, òpópónà sí òpópónà, káwa tó ń fowó ránṣẹ́ náà lè kà á.

Àwọn ẹnjiníà wà láàárín wa tó ń fiṣẹ́ iná jẹun níbí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá yẹ Ọ̀yán wò, owó ọkọ̀ òfuurufú wọn ò ní tọwọ́ yín jáde. Kí ẹ ṣáà bá wa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ náà. A ń retí èsì yín.

Àwa ni,
Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Manchester