Kì Í Ṣe Gbogbo Ojú Pípọ́n Ni Apólò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí, wọ́n tún dá ọmọ-ọmọ mi padà sílé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́ pé kò gbọdọ̀ padà wá títí apólò ojú rẹ̀ yóò fi san. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan. Kì í ṣe apólò ló ń ṣe ọmọ náà. Mo ti fi ẹnu sọ fún wọn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo ti mú ìwé dókítà lọ bá wọn, síbẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n, apólò náà ni. Nígbà tí mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní agbègbè Ìkòròdú wa níbí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹni tó dá wa lóhùn kò tilẹ̀ dìde. Láti ẹ̀yìn tábìlì tó jókòó sí ni ó ti wo ọmọ náà lójú, ó kọ oògùn apólò sínú káàdì rẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ-ọmọ mi, àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn ló sì ń bá a fínra láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 8. Àwọn òǹkàwé yín tí irú rẹ̀ ti wọ ilé wọn kò ní béèrè pé kí n ṣàlàyé. A kọ́kọ́ pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, a pè é ní ìgbẹ́ ọ̀rìn, a tọ́jú ibà jẹ̀funjẹ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó ń rù, kò ga mọ́, títí wọ́n fi ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà bọ inú ìfun rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro Èkó, tí wọ́n sì rí egbò. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ara ló kọjú ìjà sí ara. Kì í ràn, ìwà ọ̀bùn kọ́ ló ń fà á, kì í sì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ fún un jẹ. Oògùn ń lọ, inú rẹ̀ sì ti rọlẹ̀ báyìí, a dúpẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà náà ni pé ogun náà kì í fìgbà gbogbo dúró sínú ìfun. Ó lè yọ sí oríkèé, ó lè yọ sí awọ ara, ó sì lè yọ sínú ojú. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ló máa bá imú, ṣùgbọ́n ta ni ì bá rò pé ohun tó bá ìfun lè bá ojú? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun rárá. Dókítà Burrill Crohn ti New York, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, ti kọ̀wé ní 1925 nípa àwọn tí ìfun wọn ní egbò tí ojú wọn sì ń wú, ìyẹn ọdún 7 ṣáájú 1932 tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣàpèjúwe àrùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó ti lé ní 100 ọdún. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí mo sọ fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn pé ọmọ yìí ní àrùn ìfun, ó ní kí n má da ọ̀rọ̀ inú pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú?

Mo mọ apólò. Ní 1969, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sínú òṣùpá, ni àrùn ojú náà bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, orúkọ ọkọ̀ náà ló sì mọ́ ọn lára títí di òní. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ó jà dé ọ̀dọ̀ wa. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ó ń ràn bí iná ọyẹ́, ojú á máa yọ ìpin, ìpéǹpéjú á lẹ̀ mọ́ra láàárọ̀ tí a ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ là á, kò sì ní pẹ́ púpọ̀ tí yóò fi lọ. Ojú ọmọ-ọmọ mi kì í yọ ìpin. Bí ó bá jí, ojú rẹ̀ ń là geere. Pípọ́n rẹ̀ kì í bo gbogbo funfun ojú, ńṣe ni ó máa ń yí dúdú ojú po bí òrùka, tí yóò sì máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń jìnnà sí i. Ìmọ́lẹ̀ ni kò fẹ́ rí. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ti ń gbé àga rẹ̀ kẹ̀yìn sí fèrèsé bí ó bá fẹ́ jẹun, àti pé ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún bí ó bá ń kàwé. Mo bi í léèrè, ó ní, "Màmá àgbà, ó dà bíi pé èéfín wà lójú ìwé." Ẹ wo ọmọlójú ojú náà dáadáa, kò rí roboto bíi ti ọmọ mìíràn mọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbì kan, ó wá rí bí ewé tí kòkòrò jẹ létí. Ẹni tó bá dìde lórí ìjókòó, tó sún mọ́ ọmọ náà, tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, yóò rí i.

Uveitis ni wọ́n ń pe èyí, ìyẹn ni pé inú ojú gan-an ló ń wú tó sì ń gbóná, kì í ṣe awọ òde. Òmíràn wà tí kì í wọ inú, tó jẹ́ pé òde funfun ojú ló ń pọ́n, òun sábà máa ń dé pẹ̀lú inú rírun, bí a bá sì ti tọ́jú ìfun, òun náà á rọlẹ̀. Ti inú ojú yìí kò bìkítà bóyá ìfun dákẹ́ tàbí kò dákẹ́. Inú ọmọ-ọmọ mi ti dára fún odidi oṣù mẹ́jọ nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé tó bí ó ṣe wà láàárín àgbà, ṣùgbọ́n ohun tó le jù nínú rẹ̀ nìyí: lára ọmọdé, ó lè máà pọ́n, ó lè máà dun ọmọ náà, kí ó sì máa ba ojú jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ kò pọ́n rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá pọ́n, wọ́n á ní apólò ni, bí kò bá sì pọ́n, kò sí ẹni tí yóò wò ó.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń fi í hàn dájú, slit lamp ni wọ́n ń pè é. Ọmọ á gbé àgbọ̀n lé orí rẹ̀, á fi iwájú orí ti ọ̀já rẹ̀, dókítà á sì tan ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn gba inú ojú rẹ̀ kọjá. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Èkó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́nà tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń gba ihò fèrèsé wọ yàrá òkùnkùn, tí a ó máa rí eruku tó ń fò nínú ìtànṣán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ń rí àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ń léfòó nínú omi iwájú ojú ọmọ yìí, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí i láti ẹ̀yìn tábìlì.

Ẹ̀rọ yìí wà ní ilé ìwòsàn tí mo ń sọ. Mo fi ojú ara mi rí i láti ojú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, eruku sì ti sọ aṣọ náà di pupa. Ẹnì kan ní gílóòbù rẹ̀ ló jó láti ṣáájú Iléyá, ẹlòmíràn ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ ló wà ní ìsinmi. Wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ọjọ́ mélòó ni ọmọlójú fi ń lẹ̀? A jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òru ọjọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì láti Èbúté lọ sí gáréèjì, láti gáréèjì dé Máìlì 12, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ẹ̀yin náà mọ̀, bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́kánkán bá sì ti tàn, ọmọ á ti orí bọ abẹ́ ìborùn mi. Ó sunkún dé Kétu.

Oògùn tí wọ́n fún un láti mú kí wíwú inú ojú náà rọlẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń la ọmọlójú kí ó má baà lẹ̀ sí i. Oògùn apólò tí wọ́n kọ fún wa kò lè ṣe ọ̀kankan nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí, ńṣe ni ì bá fi ọjọ́ ọmọ ṣòfò. Ṣùgbọ́n oògùn tó dára yìí náà fẹ́ àmójútó, torí sítẹ́rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lè jẹ́ kí ìfúnpá omi inú ojú ga, èyí tó ń fa glaucoma tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ó sì lè fa cataract, ìyẹn ni kí awò inú ojú ṣú. Uveitis fúnra rẹ̀ lè fa méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ máa padà síwájú ẹ̀rọ yẹn léraléra, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ sì wo àwọn kẹ́míìsì wa tí wọ́n ń ta oògùn ojú oní-sítẹ́rọ́ọ̀dù fún ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé ojú ń yún òun. Ó yẹ kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa yẹ̀ wọ́n wò jí.

Mo fẹ́ bi àwọn tó wà nípò léèrè: ta ni ẹ fi ẹ̀rọ tí ẹ kì í ra gílóòbù fún hàn? Ẹ ń kun ògiri, ẹ ń gé rìbọ́n, ẹ ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ, bí ẹ bá sì ti lọ tán, ẹnikẹ́ni kì í béèrè mọ́ bóyá ó ń tàn. Ọmọ tí kò rí ojú pátákó mọ́ ni wọ́n ń lé lọ sílé pé ó ní apólò.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò tó ohun tí wọ́n ń ná sórí rìbọ́n. Nínú ẹ̀ka márùn-ún ìpínlẹ̀ yìí, ìyẹn Ìkòròdú, Badagry, Ìkẹjà, Èkó àti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, kí ó jẹ́ ọjọ́ ojú àwọn ọmọ tí àìsàn ara wọn lè wọ ojú. Kí àwọn ọmọ àrùn ìfun wà nínú rẹ̀, kí àwọn tí oríkèé wọn ń wú náà wà níbẹ̀, torí ìlànà ti wà fún àwọn wọ̀nyẹn káàkiri àgbáyé pé kí wọ́n máa yẹ ojú wọn wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, yálà ó dùn wọ́n tàbí kò dùn wọ́n. Kí nọ́ọ̀sì ojú kan tó mọ ẹ̀rọ náà lò wà níbẹ̀, kí gílóòbù méjì wà nílẹ̀ ní ìpamọ́, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Bí wọ́n bá ní kò sí iná, slit lamp alágbèéká tó ń lo bátìrì wà, a lè gbé e sínú àpò dé Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Badagry. Kí wọ́n fi ìwé ńlá kan síbẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí, ọjọ́ tó wá, ohun tí wọ́n rí ní ojú ọ̀tún àti ti òsì, àti ọjọ́ tí yóò padà wá, kí wọ́n sì pe òbí tí kò bá mú ọmọ rẹ̀ padà. Ọdún 35 ni mo fi pe ìwé orúkọ ní kíláàsì, mo mọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé kò wá.

Kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ náà pé ojú pípọ́n tí kò yọ ìpin lè máà jẹ́ apólò. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ adalimumab, èyí tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá ara jà, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún uveitis àgbàlagbà ní 2016, tí wọ́n sì fọwọ́ sí fún ọmọ láti ọdún 2 sókè ní 2018, kí ètò adójútòfò ìlera gbé e yẹ̀ wò, torí apá òbí kò ká a, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì láàárín digírì 2 sí 8 ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn, mo ti ní kí ọmọkùnrin mi wádìí iye tí wọ́n ń ta gílóòbù rẹ̀, mo sì ti ya owó náà sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí mo lè gbé e wá. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n tún fẹ́ rí ọmọ náà ní Èkó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Èbúté, Ìkòròdú.