Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kọ́ ni oògùn ẹ̀jẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi tó lóyún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn níbí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ti lọ sílẹ̀. Kí ni wọ́n wá fún un? Òfo. Wọ́n ní fesolate, oògùn tó ní èròjà irin, ti tán nílẹ̀, kó lọ rà á níta, kó sì máa po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì mu láràárọ̀.

Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì! Ta ló sọ fún wọn pé ohun tó bá ti dúdú tó sì dùn ló ń di ẹ̀jẹ̀? Ṣúgà ló kún inú mọ́ọ̀tì. Kásíọ́mù inú mílíìkì dára fún eegun lóòótọ́, àmọ́ bí a bá mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ tàbí oògùn tó ní èròjà irin, kì í jẹ́ kí ara rí irin náà gbà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíì tí a máa ń mu lé oúnjẹ lórí. Irin yìí sì ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran pupa. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà, ṣùgbọ́n tiwọn kì í wọ ara bíi ti ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sàn díẹ̀ bí a bá fi ọsàn tì í lẹ́yìn. Ta ló ń rówó ra ẹ̀dọ̀ lásìkò yìí? Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún máa lo irin tó tó mílígíráàmù 30 sí 60 lójoojúmọ́, pẹ̀lú fólíìkì ásíìdì. Oògùn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n jẹ́ kó tán!

Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò lè ní àwọn kò mọ̀. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. Nínú obìnrin 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 58 ni. Ibà àti aràn wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n àìsí irin nínú oúnjẹ kò kéré níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ni àwọn aláṣẹ ti máa ń jíròrò rẹ̀ (ẹran kì í wọ́n nínú abọ́ tiwọn), fìlà àti àpò ni wọ́n ń pín. Aboyún ń mu mọ́ọ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Ṣebí a rí àwọn tó ń fún ọmọ ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń fi yíǹkì sàmì sí ọmọ níka? Wọ́n ṣe é títí wọ́n fi kéde ní 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild polio. Oògùn tiwọn gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín. Fesolate kò bèèrè yìnyín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n gbé e wọ ọjà Bódìjà, kí wọ́n gbé e wọ Ọjà Ọba. Ìyálọ́jà mọ gbogbo aláboyún tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ti oṣù kọ̀ọ̀kan nídìí ọjà wọn. Kí ẹni tó ń pín in sì ṣàlàyé pé ìgbẹ́ lè dúdú, inú sì lè máa ru díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń da oògùn náà nù. Kó kìlọ̀ pẹ̀lú pé kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ní ìrìn kan náà, wọ́n lè kó oògùn síǹkì (zinc) dání fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Kí wọ́n fi ẹyin sí oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé. Kí wọ́n máa yẹ ìyẹ̀fun wò, bóyá irin tí òfin ní kó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mi ò bá nọ́ọ̀sì tí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣófo jà jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó dẹ́kun ìwàásù mọ́ọ̀tì. Àwọn tó yẹ kó kún kọ́bọ́ọ̀dù náà ni mo ń bi: níbo ni owó oògùn aboyún gbà lọ?

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.