Bàbá mi, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ kejì

Oṣù Kìíní, 2022

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, sà. Ara wa le. Owó páànù tí mo ṣèlérí á wọlé bí wọ́n bá ti san owó oṣù, mi ò gbàgbé. Ìbéèrè tí ẹ ní kí Bùkọ́lá bi mi ló mú mi kọ̀wé: pé bí abẹ́rẹ́ kòrónà bá wúlò, kí ló dé tí wọ́n ń kú n'Ílùú Ọba ju Èkìtì lọ?

Lóòótọ́, òkú tí wọ́n kà n'Ílùú Ọba níbí ti lé ní 150,000. Ti Nàìjíríà ò ju bíi 3,100 lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni àrùn yìí ń pa jù, Bàbá. Bíi ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni ò tíì ju ọdún 18 lọ. Níbí, ìdajì ló ti tó 40. Àyẹ̀wò ńkọ́? Gbogbo èyí tí Nàìjíríà ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ẹni tó kú sílé n'Íjerò tí wọ́n ní ibà ni, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Òǹkà kéré nítorí pé ọ̀dọ́ pọ̀, ìyẹn ò sì dáàbò bo ẹ̀yin. Ẹ ti pé 71, ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ta ayò l'Ókèsà mọ̀yẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ má lọ?

Ní Oṣù Kìíní 2021 tí abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí, àwọn tó ń kú lójúmọ́ lé ní 1,000. Lọ́dún yìí Omicron, ẹ̀yà kòrónà tuntun, ń ran èèyàn jùyẹn lọ fíìfíì, síbẹ̀ òkú ò tó ìdajì. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì lè kó àrùn náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n dà nù l'Ábújá lóṣù tó kọjá, òótọ́ ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ pé ni àwọn olówó tó fi í tọrẹ. Inú ń bí mi sí i. Àmọ́ torí kí wọ́n má baà gún un fún yín ni wọ́n ṣe dà á nù.

Ẹ mú káàdì yín lọ sí ilé ìlera. AstraZeneca lẹ gbà, òun náà ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní tún àkọ́kọ́ gbà. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ọjọ́ ara ìgò hàn yín. Inú kúlà ni kó ti mú un jáde, torí 2°C sí 8°C ni wọ́n ń pa á mọ́ sí. Ìgò kan tó èèyàn 10, wákàtí 6 péré ni wọ́n sì lè fi lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dúró kí èrò pé. Ẹ má torí ẹ̀ bínú lọlé.

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ibà bá dé tàbí apá dùn yín fún ọjọ́ kan sí méjì, ẹ lo parasitamọ́ọ̀lù. Ẹ má fi àgbo kún un, ẹ má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí orí fífọ́ ò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ lọ rí dókítà kíá.

Màámi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gba tiwọn, àbí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dúró? Kí Bùkọ́lá ya fọ́tò káàdì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Owó páànù ń bọ̀, sà.

Ọmọ yín,
Dàmọ́lá