Ẹ gbà wá lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀ngàn Abuja

Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tó yẹ kí n máa kí àwọn àna mi káàbọ̀ síbi ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi, ẹnu géètì gbọ̀ngàn kan ní Abuja níbí ni mo dúró sí, tí mo ń bẹ mẹ́gáàdì. Kúlà ìrẹsì mẹ́ta, kúlà àmàlà kan àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò 20 wà nílẹ̀ nínú oòrùn. Yìnyín tí a dà sí ọpọ́n omi ti yọ́, ó ń ṣàn gba abẹ́ géètì wọlé. "Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀gá ní kí n má ṣí i." Ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a kò lo olóúnjẹ tiwọn. Wọ́n ní ká san ₦60,000 kí oúnjẹ tó wọlé, ₦40,000 lórí ohun mímu, ká sì tún ra dísù ₦85,000 sí jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti san ₦350,000 pé láti oṣù méjì sẹ́yìn! Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, kò sí ọ̀kankan nínú owó wọ̀nyí níbẹ̀. Owó tí ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ. Owó bọ́ọ̀sì tí yóò gbé àwọn àgbà ilé wa padà sí Ìkirun ni mo kó fún wọn, mo sì lọ yá òmíràn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣejù ló fà á. A kò pa màlúù, ewúrẹ́ méjì la rà ní ọjà Dei-Dei. Àǹkárá la dá láṣọ ẹbí, ẹni tí kò rówó rà á wọ èyí tó ní. Orí WhatsApp la ti pe àlejò. Alága ìjókòó gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò gba owó ṣílẹ̀kùn, kò gba owó bàbá gbọ́, ìyá gbọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run á bù kún un. Owó orí gan-an, mo dá a padà fún àwọn àna, torí a kì í ta ọmọ nílé wa. Àfi onígbọ̀ngàn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sọmọ lórúkọ ló wá ń gbowó lórí ọmọ mi.

Ká ní Ìkirun ni, iwájú ilé là bá ta àtíbàbà sí. Ilé olójúlé mẹ́fà là ń gbé ní Kubwa. Ibo la fẹ́ ta á sí?

Ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ pàápàá, òfin ní kí ìkéde lo ọjọ́ 21 kí wọ́n tó fúnni níwèé. A dúró, ọjọ́ pé, akọ̀wé kan tún ní ká mú owó fáìlì wá, láìsí rìsíìtì. Owó tí ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ ni ìyẹn náà.

Àwọn aláṣẹ wa mọ òfin lò nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá ń lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí, òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti pèsè ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, dè é, wọ́n sì ń mú èèyàn sí i. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, ní kí ọlọ́jà fi iye ọjà rẹ̀ hàn, kó má sì gbà ju iye tó fi hàn lọ. Ta ni wọ́n mú nítorí ìyẹn rí ní gbọ̀ngàn àríyá? Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, a ń jìyà lẹ́nu géètì.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí gbogbo gbọ̀ngàn lẹ iye owó wọn mọ́ ẹnu géètì, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: owó gbọ̀ngàn, dísù, ìgbálẹ̀, owó orí oúnjẹ tó bá ti ìta wá, owó ìdógò àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà. Kí ohun kan náà wà nínú rìsíìtì. Kí nọ́ńbà fóònù ìjọba tí a lè fi fẹjọ́ sùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó máa gbé e sì wà níbi iṣẹ́ ní Sátidé, torí Sátidé la máa ń ṣèyàwó. Gbọ̀ngàn tó bá gba kọ́bọ̀ lé e, kí wọ́n tì í pa fún oṣù kan. Kí wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn ilé ìwé ìjọba fún wa lópin ọ̀sẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú.

Owó ìdógò ₦50,000 tí mo san ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní àga oníke kan sán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá wò ó. Láti ìgbà náà, wọn kò gbé fóònù mi mọ́.

Bàbá Ìyàwó,
Kubwa, Abuja.